Bí a ṣe ń já ìwé ọjà orí ẹ̀rọ ní Kétu, Àjàṣẹ́ àti Ṣábẹ̀ẹ́

Oníbàárà ra àpò sìmẹ́ǹtì 20. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ẹ kọ iye owó, ẹ tẹ bébà jáde, ó kó ọjà rẹ̀ lọ. Bí kọ́dù tí ẹ̀rọ biróò owó orí Orílẹ̀-èdè Benin (DGI) ń fi ránṣẹ́ kò bá sí lórí bébà yẹn, tí àmì onígun QR náà kò sí níbẹ̀, bébà lásán lẹ fún un. Kò lè fi gba TVA (owó orí tí a ń san lórí ọjà) tó san padà, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fi ṣe ẹ̀rí ìnáwó nígbà tó bá ń ṣírò èrè ọdún. Ìdí nìyẹn tí oníbàárà tó mọ nǹkan fi ń béèrè facture normalisée, ìyẹn ìwé ọjà tó ní kọ́dù yìí, kó tó yọwó, tí ẹni tó ń ta ọjà fún ìjọba náà kò sì gbọ́dọ̀ gbé ìwé mìíràn lọ.

MECeF lorúkọ ètò tó ń fi kọ́dù yìí ránṣẹ́. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń bá a ṣírò owó, àti ọmọ iṣẹ́ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà la kọ àlàyé yìí fún. Ibi tí àṣìṣe ti pọ̀ jù ni àkójọ ọjà: lẹ́tà owó orí kan ṣoṣo tí wọ́n fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí ẹnikẹ́ni kò padà wò mọ́. A ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ tá a bá débẹ̀.

Ètò báyìí ti kárí ayé. Chile fàyè gbà á láti 2003, Mexico sọ ọ́ di dandan ní 2014, Ítálì ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2019. Ní Áfíríkà, Rwanda bẹ̀rẹ̀ ní 2013, Ghana ní 2022, Kenya gbé tirẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2023, Nàìjíríà sì fi àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ ní 2025. Ohun kan náà ló lé gbogbo wọn débẹ̀, TVA ni. Bébà tí a fọwọ́ kọ kò ní ẹlẹ́rìí. Ẹni tó tà á lè gba TVA lọ́wọ́ ẹni tó rà á, kó fi sápò ara rẹ̀, kí ẹni tó rà á sì tún lọ gba owó kan náà padà lọ́wọ́ ìjọba. Bí ìwé bá ti kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ ìjọba kọjá kó tó dọ́wọ́ oníbàárà, ojú ti tó méjèèjì.

Ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ wá IFU yín jáde, nọ́ńbà tí biróò owó orí fi ń dá yín mọ̀. Ẹyọ nọ́ńbà 13 ló wà nínú rẹ̀. Orúkọ tó wà lórí rẹ̀ ni yóò hàn lórí gbogbo ìwé tẹ́ ẹ bá já, nítorí náà bó bá jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti pa tì ló ṣì wà níbẹ̀, ẹ lọ tún un ṣe kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mọ abẹ́ òfin owó orí tẹ́ ẹ wà. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò kọjá mílíọ̀nù 50 sẹ́fà ń san TPS, owó orí àwọn oníṣòwò kéékèèké. Kì í gba TVA lọ́wọ́ oníbàárà. Ẹni tó kọjá bẹ́ẹ̀ wà ní régime réel, ó sì ń gba TVA, ìdá 18 nínú 100. Àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ máa já facture normalisée. Ọ̀pọ̀ oníṣọ́ọ̀bù kéékèèké ló rò pé nítorí pé àwọn kì í gba TVA, ọ̀rọ̀ náà ò kan àwọn. Ó kàn wọ́n.

Ohun èlò tó wà pín sí ọ̀nà mẹ́ta. UF jẹ́ ẹ̀rọ tó dá dúró: ó ní ojú, ó ní bọ́tìnnì, ó ń tẹ̀wé fúnra rẹ̀. MCF jẹ́ àpótí kékeré tí a ń so mọ́ kọ̀ǹpútà tó ti ní ètò ìtajà lórí. e-MCF kò ní àpótí rárá. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ló ń bá a sọ̀rọ̀.

Èwo ni kẹ́ ẹ mú? Ibi tẹ́ ẹ wà ni yóò sọ ọ́. UF àti MCF lè já ìwé nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì kò sí, kí wọ́n fi ránṣẹ́ nígbà tó bá padà dé. e-MCF kò lè ṣe bẹ́ẹ̀: bí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá sí, kọ́dù kò lè wá. Ṣọ́ọ̀bù tó wà láàárín Àjàṣẹ́, tó ń já ìwé mẹ́wàá lójúmọ́, kò nílò ju e-MCF lọ. Ilé ìtajà tó wà lójú ọ̀nà Kétu sí Ìlárá, tí èrò ń wọ́ tọ̀ lọ́jọ́ ọjà tí nẹ́tíwọ̀kì sì ń ṣe ségesège, kó ronú nípa àpótí. Bẹ́ ẹ bá yan e-MCF, ẹ fi káàdì SIM méjì sínú fóònù, MTN ọ̀kan, Moov ọ̀kan. Ó ṣọ̀wọ́n kí méjèèjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìforúkọsílẹ̀ e-MCF ò ṣòro. Ẹ wọ ojú òpó biróò owó orí pẹ̀lú IFU àti ọ̀rọ̀ aṣínà yín, ẹ béèrè fún e-MCF, ẹ sọ ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà. Wọn yóò fún yín ní NIM, èyí tí í ṣe nọ́ńbà ẹ̀rọ yín, àti tókìn, ọ̀rọ̀ gígùn kan tí ètò ìtajà yín yóò máa fi hàn kí wọ́n lè dá a mọ̀. Tókìn yìí ní ọjọ́ tó ń kú. Ẹ kọ ọjọ́ náà sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, nítorí àárọ̀ ọjọ́ ọjà ló sábà máa ń kú, tí ètò á kàn máa sọ pé òun ò lè wọlé, tí ẹni tó jókòó níbẹ̀ á máa pa fóònù tán, á máa tàn án padà, pé nẹ́tíwọ̀kì ni.

Lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà

Ọjà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní lẹ́tà kan. A dúró fún ohun tí òfin yọ kúrò lábẹ́ TVA. B ni ọjà tó ń san ìdá 18. C wà fún ọjà tó ń jáde kúrò nílùú. D wà fún àwọn ọ̀ràn àkànṣe. Ṣọ́ọ̀bù lásán kì í sábà nílò rẹ̀. E ni ti ẹni tó ń san TPS.

Ẹni tó bá wà lábẹ́ TPS, iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn: E ni fún gbogbo ọjà, ì báà jẹ́ sìmẹ́ǹtì, ì báà jẹ́ àgbàdo. Kó má fi B sí ohunkóhun. Bó bá fi B sí i, ìwé rẹ̀ á gbé TVA jáde, owó tí ìwé bá sì ti sọ pé ó jẹ́ TVA, ìjọba ń retí rẹ̀.

Ẹni tó wà ní régime réel ló ní iṣẹ́. Àgbàdo, iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà tí a kò tíì sọ di nǹkan mìíràn, A ni wọ́n. Sìmẹ́ǹtì, irin, páànù, ọ̀dà, ọṣẹ, ohun mímu inú ìgò, B ni. Ibi tó ti ń dàrú ni ọjà tó ti gba iṣẹ́ ọwọ́ díẹ̀: àgbàdo jẹ́ A, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí a ti fi àgbàdo ṣe, tí a dì sínú ọ̀rá pẹ̀lú orúkọ ilé iṣẹ́, ẹ má kàn méfò lórí rẹ̀. Ẹ kọ irú wọn jọ, ẹ mú wọn lọ sí biróò owó orí yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ gba èsì fún gbogbo wọn.

Ẹ wo ohun tí lẹ́tà kan lè dá sílẹ̀. Àpò àgbàdo kan, 25 000 sẹ́fà. Bí ẹni tó ń to àkójọ bá fi B sí i dípò A, ẹ̀rọ á yọ TVA láti inú 25 000 yẹn: 3 814 sẹ́fà. Oníbàárà ò san ju 25 000 lọ, inú àpò yín ni 3 814 náà yóò ti jáde. Bẹ́ ẹ bá ta àpò 100 kí ẹ tó rí i, 381 356 ti lọ. Òdìkejì rẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀: A lórí sìmẹ́ǹtì túmọ̀ sí pé ẹ ò gba TVA tó yẹ kẹ́ ẹ gbà, gbèsè náà wà lọ́rùn yín, owó ìtanràn sì lè tẹ̀ lé e.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ máa dá ọjà tuntun sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà nígbà tí oníbàárà dúró síwájú rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó ní àṣẹ láti fi ọjà kún àkójọ, kó sì ṣe é ní àárọ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí.

Jíjá ìwé

Ká padà sórí sìmẹ́ǹtì 20. Ẹ fẹ́ gba 5 000 sẹ́fà lórí àpò kan, láì tíì ka TVA. Orí ètò, iye tó ti ní TVA nínú lẹ ó tẹ̀: 5 900. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń pín in. Àpò 20 di 118 000: 100 000 jẹ́ owó ọjà, 18 000 jẹ́ TVA. Bí ẹ bá gbàgbé tẹ́ ẹ tẹ 5 000, ìwé á sọ pé 100 000 ni gbogbo rẹ̀, á yọ TVA 15 254 nínú rẹ̀, owó ọjà yín á ṣẹ́ ku 84 746. Ọjà yín ti di ẹ̀dínwó tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ yín fún.

Sẹ́fà ò ní kọ́bọ̀, nítorí náà iye owó gbọ́dọ̀ jẹ́ odidi. Iye ọjà lè ní ẹ̀sún: irin mítà 2,5 kò burú. Bó bá jẹ́ pé ẹ dín owó kù fún oníbàárà, ẹ tẹ iye tuntun náà, kẹ́ ẹ sì lo àyè tí ètò fi sílẹ̀ fún iye àtijọ́ àti ìdí tí ẹ fi yí i padà. Ẹ má kọ ẹ̀dínwó bí ọjà tí iye rẹ̀ wà nísàlẹ̀ òdo.

Orúkọ oníbàárà àti IFU rẹ̀: bó bá ń ra nǹkan fún ilé ara rẹ̀, orúkọ tó. Bó bá jẹ́ oníṣòwò, IFU pọn dandan, nítorí ìwé tí kò ní IFU rẹ̀ kò wúlò fún un. Ẹ jẹ́ kó fi fóònù rẹ̀ hàn yín, ẹ má jẹ́ kó máa pè é létí yín láàárín ariwo ọjà. Kí ẹ ka nọ́ńbà 13 náà padà sí i létí kẹ́ ẹ tó tẹ̀síwájú.

Bí oníṣòwò náà bá ń rà á láti tún un tà, AIB, owó orí èrè tí a ń san sílẹ̀, lè wọ̀ ọ́ pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ méjì ni AIB ní: A jẹ́ ìdá 1, B jẹ́ ìdá 5, lórí owó ọjà tí TVA kò sí nínú rẹ̀. Lórí 100 000 tiwa yìí, A yóò fi 1 000 kún un, gbogbo rẹ̀ di 119 000. B yóò fi 5 000 kún un, ó di 123 000. Ìyàtọ̀ 4 000 lórí ọjà kan. Ẹ ṣọ́ra gidigidi níbí, torí lẹ́tà A àti B ti AIB kò bá lẹ́tà A àti B ti TVA tan rárá. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ló rò pé bí ọjà bá ti jẹ́ B, AIB rẹ̀ náà B ni. Ẹ kọ méjèèjì sórí bébà kan ní àwọ̀ méjì, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú wọn.

Ọ̀nà ìsanwó: owó lọ́wọ́, momo, sọ̀wédowó, báǹkì, àwìn. Ẹ sọ òótọ́ níbẹ̀. Ẹni tó ń ra àwìn, ọjọ́ tó kó ọjà ni ìwé rẹ̀ ń jáde, ẹ fi àwìn sí ọ̀nà ìsanwó. Bó bá wá san gbèsè lóṣù tó ń bọ̀, ẹ fún un ní ìwé pé ẹ gbowó, ẹ má já facture kejì, kí ọjà kan má baà di méjì lójú ìjọba.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀rọ ń bá a lò. Àkọ́kọ́, ó ń gba ohun tẹ́ ẹ kọ, ó ń ṣírò rẹ̀, ó sì ń fi àpapọ̀ hàn yín. Èkejì, ẹ ó fọwọ́ sí i tàbí kẹ́ ẹ fagi lé e. Ìgbà tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí i nìkan ni kọ́dù ń jáde. Ẹ má fi sílẹ̀ kẹ́ ẹ lọ wá ṣéńjì. Bó bá pẹ́, ẹ̀rọ á fagi lé e fúnra rẹ̀.

Ohun tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ bébà: kọ́dù MECeF/DGI, lẹ́tà àti nọ́ńbà 24 tí wọ́n pín ní mẹ́rin mẹ́rin, NIM, ọjọ́ àti wákàtí, QR, àti òǹkà, irú bí 64/70 FV. Òǹkà yìí sọ pé ìwé ìtajà tó jẹ́ FV ti pé 64, nínú ìwé 70 tí ẹ̀rọ yìí ti já. Bí kọ́dù bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú TEST, ibi ìdánwò ni ètò yín ṣì wà. Ìwé yẹn ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá yín so ètò pọ̀ ló gbàgbé láti gbé e kúrò níbẹ̀, ẹ pè é kẹ́ ẹ tó ta ọjà mìíràn.

Bí nẹ́tíwọ̀kì bá já láàárín

Èyí ló ń bí ìwé ìbejì. Ẹ ti fọwọ́ sí i, fóònù ń yí, ń yí, kò sọ ohun kan. Ẹ tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, kọ́dù jáde, ẹ dúpẹ́. Ní ìparí oṣù, ẹ rí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ni 118 000 wà níbẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ti dé ọ̀dọ̀ wọn, èsì ni kò padà dé ọ̀dọ̀ yín.

Kẹ́ ẹ tó tún un ṣe, ẹ wo àkójọ ìwé tẹ́ ẹ ti já. Bí ìwé náà bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú kọ́dù, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde láti ibẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Bí nẹ́tíwọ̀kì kò bá padà wá rárá, ẹ kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń tà sínú ìwé àkọsílẹ̀ pẹ̀lú wákàtí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì ta biróò owó orí lólobó lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró kí wọ́n wá bá yín.

Títún àṣìṣe ṣe

Ìwé tó ti gba kọ́dù, kò sẹ́ni tó lè pa á rẹ́. Ẹ̀yin ò lè pa á rẹ́, ẹni tó ta ètò fún yín kò lè pa á rẹ́. Ohun tí a ń ṣe ni kí a já ìwé ìdápadà, tí àmì rẹ̀ jẹ́ FA, kí a sì kọ kọ́dù 24 ti ìwé àkọ́kọ́ sínú rẹ̀. Bí oníbàárà bá dá àpò 3 padà nítorí pé omi ti wọ̀ wọ́n, FA yóò jẹ́ àpò 3 ní 5 900, ìyẹn 17 700, pẹ̀lú lẹ́tà B kan náà. FA kò gbọ́dọ̀ ju ìwé tó ń tọ́ka sí lọ. Bó bá jẹ́ IFU lẹ ṣì kọ, ẹ já FA fún gbogbo rẹ̀, kẹ́ ẹ wá já FV tuntun. Ìbejì tá a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan náà, FA la fi ń tú u.

Kọ́dù 24 yẹn ni kẹ́ ẹ dà kọ, kì í ṣe nọ́ńbà tí ètò ìtajà yín fún ìwé náà. Ẹ ṣọ́ra fún O àti 0, I àti 1. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ mú un láti orí àkójọ, ẹ má fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Oníbàárà láti òdìkejì ẹnubodè

Kétu ò jìnnà sí Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ló ń wá láti Ìmẹ̀kọ. Ẹni tó wá ra àpò 5, tó dì wọ́n mọ́ alùpùpù, oníbàárà bíi ti gbogbo ènìyàn ni: FV, lẹ́tà B. Owó náírà tó mú wá kò sọ ọ́ di ọjà tó ń jáde nílùú. Ìwé EV àti lẹ́tà C wà fún ọjà tí aṣọ́bodè ti ṣe ìwé rẹ̀ pé ó jáde. Bí ìwé aṣọ́bodè kò bá sí lọ́wọ́ yín, ẹ má lo C.

Bẹ́ ẹ bá ń ta ọjà fún ilé iṣẹ́ ní Yúróòpù, wọ́n lè béèrè fún ìwé ọjà orí ẹ̀rọ, kí PDF tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ má tẹ́ wọn lọ́rùn. Fáìlì tí kọ̀ǹpútà tiwọn lè kà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń sọ, XML, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì ń gba ojú ọ̀nà Peppol láti ọ̀dọ̀ ètò ẹni tó tà sí ọ̀dọ̀ ètò ẹni tó rà. Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ já EV yín nílé. Ọ̀kan kò rọ́pò èkejì.

Bébà, àti ìparí oṣù

Bébà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré, ti mílímítà 58 tàbí 80, ooru ló fi ń kọ̀wé. Oòrùn a máa pa á rẹ́, ọ̀rá náà a máa pa á rẹ́. Bébà 58 máa ń fún QR pọ̀ tó fi jẹ́ pé fóònù kò ní lè kà á. Bẹ́ ẹ bá ń tajà fún oníṣòwò, ẹ ra 80. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun wọlé, ẹ fi fóònù yín ka QR ìwé àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá iye tó gbé jáde bá ti orí bébà mu. Ẹni tó ń rà náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú yín, ẹ má bínú sí i.

Ẹ fi ẹ̀dà ìwé kọ̀ọ̀kan pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà àti sí ibòmíràn. Òfin OHADA, òfin òwò tí Benin àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn jọ ń lò, ní kí ìwé owó wà nílẹ̀ fún ọdún 10, bébà olóoru kò sì lè wà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀ lé e ni TVA gbọ́dọ̀ ti wọlé. Ní ọjọ́ 3 tàbí 4, ẹ gba àkójọ gbogbo ìwé oṣù náà jáde, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tó wọ báǹkì, tó wọ momo, tó wọ àpótí. Ẹ wá iye kan náà, oníbàárà kan náà, tí wákàtí wọn kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ síra lọ: ìbejì nìyẹn. Ẹ wá ọjà A tí iye rẹ̀ ga lọ́nà tó yani lẹ́nu. Ẹ wá FV tí kò ní IFU tí owó rẹ̀ sì pọ̀, kẹ́ ẹ pe oníbàárà náà kí òun tó pè yín.